Orí Bẹ́ẹ̀dì Màámi Lọ́jọ́ Ìkórè

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin èèyàn mi. Pátákó tó máa ń dúró lápá ibi tí orí ń gbé lára bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Mi ò bi yín bóyá ó wuyì o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mò ń bèèrè. Bí ẹ bá bi Bùrọ̀dá Jacob, káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ṣáṣá, wọ́n á ní ẹwà ni. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀dì tí kò lórí, ìyàwó tí kò wé gèlè ni. Èmi Olúfúnmi, tíṣà ni mí, àárọ̀ dalẹ́ ni mò ń bá ọmọ ọlọ́mọ pariwo, mi ò ní sùúrù fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì wà kí ìrọ̀rí má baà já bọ́, kí ẹ̀yìn sì rí nǹkan fara tì. Ó parí.

Ìyá mi ló jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màámi ń gbé ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjàyè, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wọn. Láti ọdún tó kọjá ni ara wọn ò ti le mọ́. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja báyìí, àyà wọn á há, wọ́n á dìde jókòó, wọ́n á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Dókítà ní ọkàn wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ó ní kí wọ́n máa lo oògùn wọn déédéé, kí wọ́n má sì sùn gbalaja mọ́, kí wọ́n máa fẹ̀yìn ti nǹkan sùn.

A ra ìrọ̀rí, a tò ó lé ara wọn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni bẹ́ẹ̀dì Màámi, orí rẹ̀ ti kán tipẹ́tipẹ́, àlàfo sì wà láàárín òun àti ògiri. A ò lè sún un mọ́ ògiri pátápátá, torí ògiri yẹn máa ń tutù rinrin lásìkò òjò. Bí Màámi bá ti fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí báyìí, tí oorun ń gbé wọn lọ, ìrọ̀rí á yọ̀ bọ́ sínú àlàfo, wọ́n á bá ara wọn ní gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá èémí. Nígbà tó sú wọn, orí àga oníke ni wọ́n bá ń sùn nínú pálọ̀. Ìyá tó bí mi, tó pọ̀n mí, ń sùn lórí àga bíi mẹ́gáàdì! Ẹsẹ̀ wọn wú tó jẹ́ pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Mo ní kí wọ́n wá bá mi gbé ní Ajíbọ́dè, wọ́n ní àwọn ò lè gbé láàárín àwọn ọmọ yunifásítì tó ń fi òru ṣe ọ̀sán.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Bùrọ̀dá Jacob lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n, àwọn ló ń kan pẹpẹ àti àga àwọn àgbà fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Akínyẹlé. Ó ti wọ̀ wọ́n lẹ́wù. Nǹkan tó bá ti tọwọ́ wọn jáde, pẹpẹ ló máa jọ. Wọ́n kan kọ́bọ́ọ̀dù abọ́ fún aládùúgbò mi rí, àlejò tó bá wọlé á kọ́kọ́ ṣí fìlà.

Mo ní, "Bùrọ̀dá Jacob, mo fẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì fún Màámi. Kó ga dáadáa. Kó dà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ̀yìn wọn lè sinmi. Kí fóòmù àti lẹ́dà wà láàárín. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí pa, kí ìrọ̀rí má ríbi gbà. Mi ò fẹ́ ọnà kankan lára rẹ̀."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú wọn. "Tíṣà, orí èèyàn lo fẹ́ gbé síbẹ̀ o. Ṣé wàá wá gbé orí ìyá rẹ síbi tí kò ní òpó, tí kò ní adé?"

"Màámi ò joyè, Bùrọ̀dá. Oorun ni wọ́n fẹ́ sùn."

"Jẹ́ kí n ṣe òpó sí i lọ́tùn-ún lósì, kí n fi adé lé e, kí n wá gbẹ́ àdàbà síbẹ̀. Mo fi ta Ìyá lọ́rẹ."

"Ẹ má gbẹ́ àdàbà kankan!"

Wọn ò gbẹ́ àdàbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ wò ó, òpó wà níbẹ̀, adé wà níbẹ̀, wọ́n sì ti kun adé yẹn ní àwọ̀ góòlù tó ń dán yanran. Mo pòṣé títí ẹnu fi fẹ́ bó. Mi ò ní purọ́ ṣá, ó wuyì. Gbogbo ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe: ó dà sẹ́yìn bó ṣe yẹ, lẹ́dà rẹ̀ pupa rokoṣo, bọ́tìnnì dì í mú, fóòmù rẹ̀ rọ̀. Mo fi ẹ̀yìn tèmi tì í níbẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó wù mí kí n má dìde mọ́.

Mi ò sọ fún Màámi. Bí mo bá sọ, wọ́n á ní kí n má ṣe wàhálà, kí n fi owó náà tọ́ àwọn ọmọ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n kàn ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kí wọ́n sì bá bẹ́ẹ̀dì wọn pẹ̀lú orí.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màámi pè mí lórí fóònù. Kérúbù paraku ni Màámi, ilé ọkọ ló sọ èmi di ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n ní, "Olúfúnmi, kí ni mo fẹ́ gbé lọ síwájú Olúwa lọ́dún yìí?"

Mo ní, "Ẹ gbé ara yín lọ, Màámi. Ọlọ́run mọ̀ pé ara yín ò yá."

"Ọdọọdún ni wọ́n máa ń pe orúkọ mi. Iṣu mi ló máa ń tóbi jù. Lọ́dún yìí, mi ò fẹsẹ̀ kan oko. Ṣé gààrí inú abọ́ ni màá wá rù jáde, kí wọ́n máa ṣàánú mi?"

Mo ní kò sí ohun tó burú nínú gààrí. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì kí mi pé ó dàbọ̀. Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí, ọ̀rọ̀ pátákó ló gbà mí lọ́kàn.

Najeem ló bá mi gbé e. Ó ní pikọ́ọ̀pù tó fi ń kó iṣu láti Ìjàyè wá sí Ṣáṣá, bó bá sì ń padà lọ, òfìfo ni ọkọ̀ rẹ̀ máa ń wà. Mo ní kó gbé pátákó náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màámi láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, kó wá padà wá gbé mi lẹ́yìn ìsìn tiwa kí a jọ lọ dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo fọkàn balẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tó dé lọ́sàn-án, mo gbé ìrọ̀rí tuntun sórí itan mi, a mú ọ̀nà pọ̀n. A ti rìn jìnnà díẹ̀ kí n tó ní, "O gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àbí?"

"Rárá, Àǹtí. Òjò ṣú. Ilé wọn sì tì pa. Mo ní bí òjò bá pa lẹ́dà yẹn, ẹ máa pa èmi náà. Mo bá gbé e lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ṣọ́ọ̀ṣì kẹ̀?"

"Àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun ló bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ní Ìyá Olúfúnmi ló ni ín. Ni wọ́n bá pariwo pé 'Halelúyà!' Mo rò pé bí wọ́n ṣe máa ń kíni nìyẹn, èmi náà bá ní 'Àmín.'"

Mo ká ọwọ́ lé orí. "Najeem! Ọjọ́ ìkórè ni òní!"

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ìmàle ni, kò lè mọ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Lọ́jọ́ ìkórè, ohun tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ti Ọlọ́run ni. Ìbáà ṣe iṣu, ìbáà ṣe àgbébọ̀, ìbáà ṣe àga. Wọn ò ní bi ọ́ pé kí lo gbé e wá ṣe. Orúkọ ẹni tó ni ín nìkan ni wọ́n máa bèèrè, kí wọ́n lè fi súre fún un. Òun náà sì ti fún wọn lórúkọ. Najeem ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Àǹtí, Àmín tí mo ṣe yẹn ló bà á jẹ́."

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín já lẹ́nu mi, inú sì ń bí mi gidigidi.

Ìsìn ti ń parí nígbà tí a dé. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé. Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yìn pẹpẹ gan-an ni wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì Màámi sí. Àbẹ́là ń jó níwájú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, adé Bùrọ̀dá Jacob ń dán yanran sí mi lójú. Nítorí pé ó dà sẹ́yìn, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù tì í kó má baà ṣubú. Alàgbà kan dúró, ó ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ìjọ pé lẹ́dà pupa yẹn dúró fún ẹ̀jẹ̀ ìràpadà, pé àwọn bọ́tìnnì ara rẹ̀ sì dúró fún ìràwọ̀. Ẹnì kan bèèrè pé fóòmù ńkọ́. Alàgbà yẹn ronú díẹ̀, ó ní àwọn áńgẹ́lì pàápàá máa ń sinmi.

Wòlíì Àbáyọ̀mí, olórí ìjọ náà, rí mi, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. "Ọmọ ìyá rere! Ìyá yín dójú ti Sátánì lónìí. Mo ti rí òpó méjì lójú ìran tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀ pé ilé yín ló ti ń bọ̀."

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Bàbá Wòlíì, ẹ forí jì mí. Orí bẹ́ẹ̀dì ni."

"Kí ni?"

"Èyí tí ẹ gbé sẹ́yìn pẹpẹ yẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì Màámi ni. Dókítà ló ní kí wọ́n máa fẹ̀yìn ti nǹkan sùn. Awakọ̀ ló ṣì í gbé wá síbí."

Wọ́n wo pátákó náà. Wọ́n wò mí. Wọ́n tún wo pátákó náà pẹ́, ni èjìká wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Wọ́n fi apá sùtánà bo ẹnu. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run kì í sùn. Kí ló fẹ́ fi orí bẹ́ẹ̀dì ṣe? Ṣùgbọ́n orúkọ ìyá yín la pè, àwọn ló sì kúnlẹ̀ gba àdúrà lé e lórí. Ẹ lọ bá wọn sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti ní ká gbé e, èmi fúnra mi ni màá bá yín rù ú dénú ọkọ̀."

Ìdájọ́ tó dáa nìyẹn, mi ò lè bá wọn jà. Ìgbà yẹn gan-an ni mo rí Màámi. Àwọn ìyá ìjọ yí wọn ká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi aṣọ nu òógùn ojú wọn. Màámi rí mi, wọ́n la ọwọ́, wọ́n gbá mi mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn. "Olúfúnmi, o bò mí láṣìírí. Ọlọ́run á bo ìwọ náà láṣìírí." Mo ní, "Àmín, Màámi."

Najeem fi ọkọ̀ gbé wa délé. Ó ní òun á dúró sábẹ́ igi mángòrò títí a ó fi pinnu. Nínú yàrá, Màámi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, èémí wọn ò tíì balẹ̀ látinú ijó tí wọ́n jó. Ìrọ̀rí àtijọ́ ti wà nínú àlàfo. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ìrọ̀rí náà jáde, kí n má baà wo ojú Màámi tí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Màámi, pátákó tí wọ́n gbé sẹ́yìn pẹpẹ yẹn, mi ò fi tọrẹ. Orí bẹ́ẹ̀dì yín ni. Najeem ló ṣì í gbé lọ. Mo ti bá Bàbá Wòlíì sọ ọ́, wọ́n ní bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, a lè gbé e."

Màámi ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ṣé ojú ń fọ́ mi ni? Iwájú mi ni wọ́n gbé e kọjá. Mo rí ihò tí wọ́n fi ń dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rí fóòmù. Iṣẹ́ Jacob ni, bó ti wù kó rí mo máa dá a mọ̀. Mo ní nínú ara mi pé, háà, Olúfúnmi ti ro ti ẹ̀yìn mi."

Mo dìde dúró. "Ẹ mọ̀, ẹ wá dákẹ́?"

"Wọ́n ti pe orúkọ mi."

"Màámi! Ẹ̀yin tí ẹ ò lè sùn! Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sùn lórí àga! Ẹ wá gbé oorun yín fún ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ohun tó gbà! Irú ayé wo lẹ̀ ń jẹ?" Ohùn mi ti dé ìta. Ọmọ kan tó ń ta bọ́ọ̀lù dúró, ó ń wo fèrèsé.

Màámi jẹ́ kí n pariwo tán. Wọ́n ní, "Oorun mi ni, mo lè fi tọrẹ." Wọ́n wá fa ọwọ́ mi, mo jókòó tì wọ́n. "Olúfúnmi, láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti dé, èmi ni gbogbo yín ń fún ní nǹkan. Ẹ fún mi lóògùn, ẹ fún mi ní ìrọ̀rí, aládùúgbò ń bu ọbẹ̀ fún mi. Ó dáa, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi? Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní ẹ dìde fún Ìyá, ara wọn ò yá. Òní ni wọ́n dìde tìdùnnú-tìdùnnú. Mo fún wọn ní ohun tó dáa ju ohun tí mo ti ń fún wọn látọjọ́ yìí. Mi ò tíì fẹ̀yìn kàn án pàápàá. Ó dùn mọ́ mi. Má gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo jáde lọ bá Najeem. Mo ní kó padà sí Ṣáṣá, kó sọ fún Bùrọ̀dá Jacob pé kí wọ́n tètè kan òmíràn, kí wọ́n ṣe é kó burẹ́wà, kí ṣọ́ọ̀ṣì kankan má baà gbà á. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Àǹtí? Iṣẹ́ ọ̀la ńkọ́?" Mo ní kó máa lọ, màá rí ọkọ̀ wọ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Nígbà tí mo padà wọlé, Màámi ti gbìyànjú láti fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n sì ti tún dìde, ọwọ́ wọn wà láyà. Ojú wọn pọ́n fún oorun. Wọ́n ní kí n bá wọn gbé àga oníke wá.

Mi ò gbé àga kankan. Mo sún bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri tútù yẹn, èmi ni òtútù rẹ̀ máa mú, kì í ṣe Màámi, mo to àwọn ìrọ̀rí sí ògiri yẹn, mo gun orí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ẹ̀yìn tèmi tì wọ́n, mo la ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ wá."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ẹ fẹ̀yìn tì mí, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orí mi ti yí. Síbẹ̀ wọ́n sún mọ́ mi díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀yìn wọn lé àyà mi, fìlà funfun wọn wà lábẹ́ àgbọ̀n mi. Wọ́n yíra sọ́tùn-ún, wọ́n yíra sósì. Wọ́n ní, "Egungun rẹ ti pọ̀ jù. Ti Jacob ní fóòmù."

"Ẹ sùn, Màámi."

Mo rò pé wọ́n ti sùn, ni mo tún gbọ́ ohùn wọn. "Bí mo bá wúwo, kí o sọ fún mi o."

Mo ní, "Ẹ ò wúwo."

Òótọ́ ni mo sọ. Èmi tí mo mọ̀ pé ìyá yìí máa ń ru agbọ̀n iṣu láti oko délé, tí wọ́n á tún pọ̀n mí lé e, mo gbé gbogbo ara wọn sí àyà mi, wọn ò wúwo rárá. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún. Mo sunkún náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí àyà mi má baà mì, torí Màámi ti ń hanrun.